Àìsàn Ọpọlọ Kì í Ṣe Ọgbọ́n Ẹ̀wẹ́

Nínú eré ọlọ́pàá bíi Law & Order, tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà ní 1990, irú ìran kan wà tó ń dùn wá. Agbẹjọ́rò á dìde, á ní ara ọpọlọ oníbàárà òun kò yá. Olùpẹ̀jọ́ á wo ọkùnrin tó jókòó tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, á mirí: ẹ̀tàn ni. Òǹwòran náà á ti gbà pé ẹni tí wọ́n bá tìtorí àìsàn ọpọlọ dá láre ti mórí bọ́ nìyẹn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. John Hinckley yìnbọn fún Reagan, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ní 1981. Ilé ẹjọ́ dá a láre ní 1982 nítorí àìsàn ọpọlọ, wọ́n sì fi í sí ilé ìwòsàn. Ó lé ní 30 ọdún kó tó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní 2016. 2022 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀ pátápátá.

Yàtọ̀ sí Hinckley, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Àwọn gan-an ni wọ́n sábà ń fìyà jẹ. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé eré, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká rí ìyá tó ṣì ń gbé abọ́ oúnjẹ lọ fún ọmọ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tì pa, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ilé ẹjọ́ ti dá a láre.