Òfin Gọ́ọ̀fù àti Ojú Àánú

Àwọn àgbà a máa wí pé bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nípa àríyànjiyàn tí kì í tán láàrin àwọn tí ń fi gọ́ọ̀fù najú ní òpin ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe àwọn tí ń fi eré náà jẹun ni a ń bá wí. Àwọn òṣìṣẹ́, oníṣòwò, agbẹjọ́rò àti àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì ni, àwọn tí ń jí lọ sí pápá láàárọ̀ Sátidé kí ara wọn lè le. Ìbéèrè wọn kò ju ọ̀kan lọ: ǹjẹ́ òfin eré náà kò le jù fún irú wa?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ náà kalẹ̀. Ìpìlẹ̀ gọ́ọ̀fù ni pé bí bọ́ọ̀lù bá ti balẹ̀ ni kí á ṣe gbá a. Ọkùnrin kan gbá tirẹ̀ dáadáa, ó bọ́ sí àárín ọ̀nà tí a gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó yí wọ kòtò kékeré tí ọ̀pá ẹni tí ó ṣáájú ti hú. Ìwé òfin ti 2023 kò gbà á láàyè láti gbé e kúrò láìsan ìtanràn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ a ní, "Tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, jàre. Ṣé ogun ni?" Ẹlòmíràn a ní, "Òfin ni òfin." Báyìí ni iyàn ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí ń bẹ̀bẹ̀ fún àánú ní ẹjọ́ láti rò. Wọ́n ní bí ògbóǹtarìgì bá gbá bọ́ọ̀lù sínú igbó níbi ìdíje ńlá, ọ̀pọ̀ òǹwòran ni yóò bá a wá a, ṣùgbọ́n àwọn kò ní ju ojú ara wọn lọ. Síbẹ̀, láti 2019, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni òfin fún ẹnikẹ́ni láti wá bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ márùn-ún ni tẹ́lẹ̀. Bí kò bá rí i, yóò padà sí ibi tí ó ti gbá a, yóò sì fi gbígbá kan kún iye tirẹ̀. Wọ́n béèrè pé ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ wá ìgbádùn, ṣé ìyà ni kí ó rà bọ̀?

Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n àgbà òṣìkà ní ń gbọ́ ẹjọ́ apá kan dá. Lọ́jọ́ ìdíje, ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni àwọn òṣèré ń tẹ̀lé ara wọn káàkiri pápá. Ẹni tí ó wà ní ihò kejì kò rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ihò kẹẹ̀ẹ́dógún. Bí ọ̀wọ́ kan bá ń yọ̀ǹda fún ara wọn láti gbé bọ́ọ̀lù kúrò nínú kòtò, ta ni ó ń san gbèsè àánú náà? Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni. Òun gbá tirẹ̀ láti inú kòtò, kò ráhùn, gbígbá kan ṣoṣo ni ó sì fi pàdánù ife-ẹ̀yẹ. Àánú tí a fi ohun ẹlòmíràn ṣe kì í ṣe àánú.

Gọ́ọ̀fù kò ní rẹfirí tí ń sáré tẹ̀lé olúkúlùkù òṣèré. Ẹ̀rí ọkàn ẹni ni rẹfirí. Ní 1925, níbi ìdíje gbogbogbòò ti Amẹ́ríkà, Bobby Jones, ẹni tí kò fi gọ́ọ̀fù jẹun, rí i pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ mì díẹ̀ nínú koríko bí ó ti fẹ́ gbá a. Ẹlòmíràn kò rí i. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi gbígbá kan kún iye rẹ̀. Nígbà tí eré parí, òun àti Willie Macfarlane ṣe ọ̀mì, Macfarlane sì ni ó borí nígbà tí wọ́n tún un gbá. Bí Jones bá ti pa ẹnu mọ́ ni, ife náà ìbá jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń yìn ín, èsì rẹ̀ ni pé ó dà bí ìgbà tí a ń yin ènìyàn nítorí pé kò lọ fọ́ báńkì.

A kò wí pé òfin kì í roro. Ní 1968, níbi ìdíje Masters ní Augusta, Roberto De Vicenzo, ọmọ Ajẹntínà, fi gbígbá mẹ́ta parí ihò kẹtàdínlógún, ṣùgbọ́n ẹni tí ń bá a kọ káàdì kọ mẹ́rin. De Vicenzo fọwọ́ sí i láìwò ó dáadáa. Iye tí ó pọ̀ jù náà ni ó dúró, àǹfààní láti bá Bob Goalby tún un gbá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní ni ọ̀rọ̀ náà ń dun àwọn olólùfẹ́ eré yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé ènìyàn ni ó kọ òfin, ènìyàn ní í sì í tún un ṣe. Òfin 13 péré ni àwọn òṣèré Leith ní Skọ́tíláǹdì kọ ní 1744. Nígbà kan, bí bọ́ọ̀lù alátakò bá dí ọ̀nà ihò mọ́ ọ, àfi kí o wá bí ìwọ yóò ti gba orí rẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n jiyàn lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì pa á rẹ́ ní 1952. Láti 2019 pẹ̀lú, ìgbìmọ̀ pápá lè fún ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ sọnù láyè láti ju òmíràn sílẹ̀ nítòsí ibẹ̀, kí ó fi gbígbá méjì kún iye rẹ̀ dípò pípadà sẹ́yìn. Àwọn tí ń fi eré náà najú ni wọ́n ṣe èyí fún, kì í ṣe àwọn ògbóǹtarìgì. Ẹkún tí a sun ní gbangba dé etí ìgbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni háńdíkáàpù, tí a mú wọ inú ìlànà kan ṣoṣo fún gbogbo ayé láti 2020. Ọmọ ìka kò dọ́gba. Nítorí náà, ẹni tí eré rẹ̀ kò dán mọ́rán yóò yọ iye kan kúrò nínú gbígbá rẹ̀, kí òun àti ọ̀gá eré lè jọ figagbága. Ìwà tí ó burú níbẹ̀ ni ti ẹni tí ń mọ̀ọ́mọ̀ gbá ìgbákugbà lọ́jọ́ tí kò sí ẹ̀bùn, kí háńdíkáàpù rẹ̀ lè ga de ọjọ́ ẹ̀bùn. Olè gbáà ni, bí ó ti wù kí ó máa rẹ́rìn-ín.

Èyí tí ó kan àṣà wa gbọ̀ngbọ̀n ni ọ̀rọ̀ àgbà. Nínú ìdíje, ẹlòmíràn ní í kọ iye tí ènìyàn gbá. Báwo ni ọmọdé yóò ti wo ojú ọ̀gá rẹ̀ tí ó ní márùn-ún ni òun gbá, kí ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mẹ́fà ni mo kà"? Ọ̀pọ̀ á dákẹ́, wọn á pè é ní ọ̀wọ̀. Àwa kò pè é bẹ́ẹ̀. Àgbà tí ó mọ iyì ara rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ka tirẹ̀ sókè kí ọmọdé tó yanu, kí ó sì dúpẹ́ bí ọmọdé náà bá rán an létí.

Ìdájọ́ wa nìyí. Bí ó bá jẹ́ eré láàrin ọ̀rẹ́, ẹ fẹnu kò kí ẹ tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, kí ohun tí ẹ bá yọ̀ǹda kárí gbogbo yín. Bí ó bá jẹ́ ìdíje, kí ìgbìmọ̀ lẹ ìlànà tí òfin bá gbà wọ́n láàyè mọ́ ara ògiri kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi kún un láàrin pápá. Ẹni tí òfin kan bá ń ni lára, kí ó gbé e wá sí ìpàdé. Òfin tí a tún ṣe lójú gbogbo ènìyàn ń tún ìlú ṣe. Èyí tí a ṣẹ́ ní kọ́rọ́, àlàbọrùn tí yóò di ẹ̀wù ni.