Iṣẹ́ Ẹrú, Jíjẹ́ Ọmọ: Ohun tí Ìrìn-Àjò Pọ́ọ̀lù Ń Kọ́ Àwa Ọmọ Yorùbá Ẹ̀yìn Odi

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí a rán níṣẹ́ kò gbọdọ̀ yí iṣẹ́ náà padà, síbẹ̀ ó gbọdọ̀ ní làákàyè tirẹ̀, kí ó mọ irú ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ àti ibi tí òun dúró sí. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a ti mú àpọ́sítélì jáde, ẹni tí a rán níṣẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí a fi orúkọ yìí pè nínú Májẹ̀mú Tuntun, kò sí èyí tí ìtàn ìrìn-àjò rẹ̀ kún tó ti Pọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ má rò pé ìwàásù la fẹ́ ṣe. Onígbàgbọ́ wà nínú ẹgbẹ́ wa yìí, mùsùlùmí wà níbẹ̀, a kò sì pe ẹnikẹ́ni sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ó jẹ́ kí a mú gègé ni awuyewuye tí ó ń lọ láàárín wa: ta ni ojúlówó ọmọ Yorùbá? Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí a bí sí Jọ́ọ̀sì, Kánò tàbí Kàdúná, tí Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò já gaara, kò yẹ kí ó di ipò kankan mú nínú ẹgbẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dìde sọ̀rọ̀ nípàdé, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dá a jókòó. Àwa tí a ń kọ̀wé yìí wà lára àwọn tí wọ́n ń rín. Díẹ̀díẹ̀ ni irú wa ń dín kù nípàdé. Èrò tiwa ni pé ìrìn-àjò Pọ́ọ̀lù ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́, kò sì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni: ó bá àwọn tí ń rín ni wí, ó sì bá àwa tí wọ́n ń rín wí.

Ọmọ Tásù ni

Tásù ní ilẹ̀ Sìlísíà, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì lónìí, ni a bí Pọ́ọ̀lù sí. Júù pọ́ńbélé ni, láti inú ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì, ó sì jẹ́ ọmọ onílùú Róòmù láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin lọ́dọ̀ Gàmálíẹ́lì ní Jerúsálẹ́mù, èdè Gíríìkì ni ó sì fi kọ àwọn lẹ́tà rẹ̀. Orúkọ méjì ni ó ń jẹ́: láàárín àwọn Júù, Sọ́ọ̀lù ni, láàárín àwọn ará Róòmù, Pọ́ọ̀lù. Ta ni èyí ṣe àjèjì sí nínú wa, àwa tí ìyá wa ń pe orúkọ kan nílé, tí àwọn ọ̀rẹ́ àdúgbò sì ń pe òmíràn?

Kì í ṣe òun nìkan. Bánábà tí wọ́n jọ lọ sí ìrìn-àjò àkọ́kọ́, ọmọ Kípírù ni. Bí a bá sì ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 11 dáadáa, a ó rí i pé ará Kípírù àti Kírénè ni àwọn tí ó kọ́kọ́ bá àwọn Gíríìkì sọ̀rọ̀ ní Áńtíókù. Ọmọ Júù tí wọ́n ti ẹ̀yìn odi wá ni wọ́n. Ìjọ Áńtíókù yìí kan náà ni ó rán Pọ́ọ̀lù àti Bánábà jáde ní nǹkan bí ọdún 46 lẹ́yìn ìbí Kristi. Àwọn ará ilé ní Jerúsálẹ́mù ni wọ́n tọ́jú orísun omi náà. Àwọn ọmọ àjò ni wọ́n la ọ̀nà tí ó gbà ṣàn jáde. Iṣẹ́ méjèèjì ni ó ṣe pàtàkì. Kí ló wá dé tí a fi ń fi ọ̀kan rín ọ̀kan?

Iṣẹ́ kan, ẹnu mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Ní Áńtíókù ti Písídíà, inú sínágọ́gù ni ó ti sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Íjíbítì, ó sọ ọ́ dé orí Dáfídì, nítorí pé àwọn tí ó ń gbọ́ mọ ìtàn náà. Ní Lísírà, níbi tí àwọn èrò ọjà kò ti mọ Mósè, kò fa Ìwé Mímọ́ yọ rárá. Òjò àti ìkórè ni ó fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ní Áténì, ó ti rin ìlú náà wò kí ó tó dìde sọ̀rọ̀ ní Áréópágù. Ó ti rí pẹpẹ tí wọ́n mọ fún ọlọ́run tí wọn kò mọ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí ó tọ́ka sí àwọn akéwì tiwọn. Iṣẹ́ kan náà ni, ẹnu ni ó yàtọ̀. Èyí gan-an ni a ń pè ní fífi iṣẹ́ ẹrú jẹ́ tọmọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Lísírà yẹn tí kò yẹ kí ó bọ́ lójú wa. Pọ́ọ̀lù mú arọ kan lára dá. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ní èdè Likaóníà tiwọn pé àwọn òrìṣà ti sọ̀ kalẹ̀: Bánábà ni Séúsì, Pọ́ọ̀lù ni Hẹ́mísì. Ó jọ pé àwọn méjèèjì kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí, nítorí pé ìgbà tí àwòrò gbé akọ màlúù ìrúbọ dé ni wọ́n tó fa aṣọ ya, tí wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, àwọn kan wá láti Áńtíókù àti Ìkóníónì, wọ́n yí ọkàn àwọn èrò náà padà, wọ́n sì sọ Pọ́ọ̀lù lókùúta, wọ́n wọ́ ọ sẹ́yìn ìlú bí òkú.

Ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlú tí ó ń gbé kò ní tètè mọ ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ́ dòrìṣà, kò sì ní tètè mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣa òkúta jọ. Nítorí náà, Haúsá tí àwa gbọ́ láti kékeré kì í ṣe àbàwọ́n lára wa. Ààbò ni, fún àwa àti fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le lóde, ta ni ẹ ń sáré wá bá pé kí ó wá gbọ́ ohun tí àwọn onílẹ̀ ń wí?

Ẹrù tí kò yẹ kí a dì léni lórí

Ìjà tí ó le jù nínú gbogbo ìrìn-àjò yìí, ilé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn-àjò àkọ́kọ́, àwọn kan wá láti Jùdíà sí Áńtíókù, wọ́n ń kọ́ àwọn ará pé ẹni tí a kò bá kọ nílà gẹ́gẹ́ bí òfin Mósè kò lè rí ìgbàlà. Lọ́rọ̀ kan, kí ènìyàn kọ́kọ́ di Júù ná. Pọ́ọ̀lù àti Bánábà kò gbà. Ọ̀rọ̀ náà di ti Jerúsálẹ́mù ní nǹkan bí ọdún 49. Pétérù bi wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi fẹ́ gbé àjàgà tí àwọn baba wọn pàápàá kò lè rù kọ́ ọmọ ẹlòmíràn lọ́rùn. Jákọ́bù ni ó parí rẹ̀: ohun mẹ́rin péré ni wọ́n ní kí wọ́n yàgò fún, èyí tí ó jẹ mọ́ oúnjẹ òrìṣà, ẹ̀jẹ̀, ẹran tí a lọ́ lọ́rùn pa àti àgbèrè. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà, wọ́n sì fi rán àwọn ènìyàn wọn. Ẹ kíyè sí i pé àwọn àgbà yẹn kò sọ pé kò sí òfin mọ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ya òpó ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀ṣọ́ ara ògiri.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ Tímótì àti Títù. Ìyá Tímótì jẹ́ Júù, bàbá rẹ̀ jẹ́ Gíríìkì. Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ nílà nítorí àwọn Júù agbègbè náà, kí ọ̀nà lè là fún un láàárín wọn. Títù jẹ́ Gíríìkì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilà rẹ̀ délẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù, Pọ́ọ̀lù kọ̀ jálẹ̀. Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu. Ó bára mu. Ti Tímótì jẹ́ ohun tí a fi ṣí ilẹ̀kùn. Ti Títù jẹ́ owó ibodè tí wọ́n fẹ́ gbà kí wọ́n tó jẹ́ kí ènìyàn wọlé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí láàárín wa. Bí àbúrò kan tí ó ti Kánò wá bá fẹ́ mọ oríkì rẹ̀, tí ó fẹ́ mọ bí a ti ń ka oókan, eéjì dé igba, kí a jókòó tì í, kí a kọ́ ọ. Ti Tímótì nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé àfi bí ó bá mọ gbogbo rẹ̀ kí ó tó lè ṣe akápò, owó ibodè la ń gbà.

Ẹni tí ó bá sì rò pé ọmọ tí ó kàwé lẹ́yìn odi kò lè wúlò fún èdè Yorùbá, kí ó rántí Samuel Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Freetown ni ó ti kọ́ ìwé kíkà, lẹ́yìn tí wọ́n gbé e dé ibẹ̀ ní 1822. Òun ni ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, òun sì ni aṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ní 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù.

Ọwọ́ ẹni

Iṣẹ́ àgọ́ pípa ni Pọ́ọ̀lù mọ̀. Nígbà tí ó dé Kọ́ríńtì, ó bá Ákúílà àti Pírísílà pàdé, àwọn tí àṣẹ Kíláúdíù ọba Róòmù ti lé kúrò ní ìlú Róòmù. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ó sì wọ̀ sọ́dọ̀ wọn. Ọdún kan ààbọ̀ ni ó lò ní ìlú náà. Lóòótọ́, ó gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn ará Fílípì, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń dágbére fún àwọn alàgbà Éfésù ní Mílétù, ó lè na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí wọn pé àwọn ni ó bọ́ òun àti àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ òun. Ẹgbẹ́ wa ńkọ́? Bí ọjọ́ àṣà bá ti ń sún mọ́lé, ìwé ẹ̀bẹ̀ la ń gbé kiri ilé àwọn olóṣèlú. Ẹni tí ó bá ra aṣọ ẹgbẹ́ fún wa lónìí ni yóò sọ ẹni tí a ó dìbò fún lọ́la. Owó oṣù kékeré tí gbogbo wa dá yóò gbé wa níyì jù ú lọ.

Ìjà kò gbọdọ̀ dá iṣẹ́ dúró

Ẹ má rò pé àwọn ẹni mímọ́ kì í jà. Jòhánù Máàkù padà lẹ́yìn wọn ní Pẹ́gà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kejì, Bánábà ní kí wọ́n mú un dání, Pọ́ọ̀lù ní rárá. Ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pínyà: Bánábà mú Máàkù lọ sí Kípírù, Pọ́ọ̀lù mú Sílà la Síríà àti Sìlísíà kọjá. Kò sí èyí tí ó lọ ilé lọ jókòó nínú wọn. Nígbà tí ó sì yá, nínú lẹ́tà kejì sí Tímótì, Máàkù kan náà ni a ní kí wọ́n mú wá nítorí pé ó wúlò. Láti ìgbà ìdìbò tí ó kọjá ni àwọn kan nínú wa kò ti kí ara wọn mọ́. Ǹjẹ́ ìjà ipò akọ̀wé tó ohun tí à ń gbé dé ọjọ́ ìgboyè?

Kí a má gbàgbé ilé

Ọ̀rọ̀ tí ó kù, àwa ọmọ ẹ̀yìn odi ni ó kàn. Nínú ìrìn-àjò kẹta, Pọ́ọ̀lù ń gba owó jọ lọ́wọ́ àwọn ìjọ Makedóníà àti Ákáyà fún àwọn tálákà Jerúsálẹ́mù, ilé kan náà tí àwọn ará rẹ̀ ti fẹ́ di ẹrù lé ọmọ rẹ̀ lórí. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé wàhálà ń dúró dè é níbẹ̀. Ó lọ.

Àwọn èrò mú un nínú Tẹ́ḿpìlì, wọ́n ń lù ú kí wọ́n pa á. Àwọn ọmọ ogun Róòmù ni wọ́n gbà á sílẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn, ó bá olórí ogun sọ Gíríìkì. Ẹnu ya ọkùnrin náà, nítorí ó ti rò pé ọ̀daràn ará Íjíbítì kan ni. Ó gbà pé kí ó bá àwọn èrò sọ̀rọ̀. Pọ́ọ̀lù yíjú sí wọn, ó sọ èdè Hébérù. Bí wọ́n ti gbọ́ ọ, gbogbo wọn pa kẹ́kẹ́.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà sí ẹ̀yìn odi, ibí yìí ni ẹjọ́ ti dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ọmọ Tásù yìí bá ti fi èdè ìyá rẹ̀ sílẹ̀ sí Tásù, kí ni ì bá fi bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà? Òótọ́ ni pé kò yẹ kí wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti lo ọdún mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ yìí, tí kò tíì lè kí ìyá àgbà rẹ̀ ní ẹ kú àárọ̀ kí ó sì dáhùn ohun tí ìyá àgbà bá bi í, kò ní àwáwí mọ́. Ibi tí wọ́n bí wa sí kọ́ ni ó dí wa lọ́wọ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa rèé. Kí ìpàdé máa jẹ́ ti Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni má sì rín ẹni tí ó ṣi í sọ. Kí a ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́jọ́ Sátidé fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ èdè, kí àwa náà sì kọ́ ẹni tí ó ti ilé dé ní Haúsá. Kí ipò ẹgbẹ́ wà fún ẹni tí ó bá lè ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì fi Pọ́ọ̀lù sílẹ̀ sí ni Róòmù, nínú ilé tí ó háyà. Ọdún méjì ni ó fi gbé ibẹ̀, tí ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ ọ, tí ó sì ń gba gbogbo ẹni tí ó bá wá. Ilé àyágbé ni ti àwa náà ní ilẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí àjò wa já sófo. Àṣẹ.