Abéèrè Kì Í Ṣìnà: Ọmọbìnrin Àfẹ́sọ́nà, Ìgbàgbọ́ àti Ìwádìí

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Bóyá ni ibì kan wà tí òwe yìí ti wúlò tó ọ̀rọ̀ ọkọ fífẹ́, nítorí pé ìrìn-àjò ìgbéyàwó kì í ṣe ìrìn ọjọ́ kan, ẹni tí ó bá sì ṣìnà níbẹ̀, kì í ṣe òun nìkan ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Síbẹ̀, láàárín àwọn ọ̀dọ́ Kristẹni òde òní, èrò kan ń gbilẹ̀ tí ó yẹ kí tọmọdé-tàgbà gbé yẹ̀ wò. Èrò náà ni pé ẹni tí ó bá ti gbàdúrà, tí ó sì gbà pé Ọlọ́run ti fi ọkọ han òun, kò gbọdọ̀ bèèrè ohunkóhun mọ́, àfi bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò bá tó. Báyìí ni ìwádìí ṣe di ẹ̀ṣẹ̀, tí ìbéèrè sì di iyèméjì.

Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin Kristẹni tí ó jẹ́ àfẹ́sọ́nà ni ó ń ru ẹrù èrò yìí lójoojúmọ́. Ó lè jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ku ọdún kan kí ó jáde. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kúnlẹ̀ gbàdúrà. Bí ó ti ń gbálẹ̀, tí ó ń múra iṣẹ́, ọkàn rẹ̀ kò sinmi. Ó ń rò ó bí òun yóò ti máa bá ìyá ọkọ gbé. Ó ń ro owó aṣọ ẹbí àti ti oúnjẹ àlejò. Ó ń rò ó bóyá àfẹ́sọ́nà òun, tí inú máa ń tètè bí, yóò yí padà bí wọ́n bá ti di tọkọtaya. Ó ń ronú bóyá ọkọ yóò gbà kí òun máa bá iṣẹ́ òun lọ. Nínú gbogbo rẹ̀, ìbéèrè kan wà tí kì í jẹ́ kí ó jáde lẹ́nu: irú ẹ̀jẹ̀ wo ni ó wà lára ọkùnrin yìí, irú wo ni ó sì wà lára òun fúnra rẹ̀? Ó fẹ́ bèèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má baà sọ pé kò nígbàgbọ́. Ó sì tún ń bẹ̀rù ìdáhùn náà pàápàá, nítorí pé wọ́n ti ra aṣọ, wọ́n sì ti dá ọjọ́.

Láyé àtijọ́, àṣà kì í fi irú ẹrù ọkàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọbìnrin nìkan. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, bí ó bá ku ọ̀la tí ìyàwó yóò relé ọkọ, yóò máa sun ẹkún ìyàwó kiri ilé àwọn òbí àti ẹbí. Nínú ẹkún náà ni yóò ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tí ó bí i, tí yóò ti sọ ìbẹ̀rù rẹ̀ nípa ilé tí ó ń lọ, tí yóò sì ti tọrọ àdúrà kí òun má baà yàgàn, kí òun má sì bí àbíkú. Gbangba ni ó ti ń sọ ọ́, ojú kò sì tì í. Kò sí ẹni tí ó sọ pé nítorí ó ń bẹ̀rù, kò mọ Ẹlẹ́dàá. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé orí ẹkún ni àwọn àgbà ti ṣe iṣẹ́ tiwọn.

Bí àwọn baba ńlá ṣe ń wádìí

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá tó ìyàwó í fẹ́, ìfojúsóde ni àwọn òbí rẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣe. Bí wọ́n bá rí ọmọ tí ó wù wọ́n, wọn kì í sáré lọ tọrọ rẹ̀. Wọn a kọ́kọ́ wádìí ilé tí ó ti wá. Wọn a bèèrè bóyá ẹ̀tẹ̀ wà nínú ìran náà, bóyá wárápá tàbí wèrè ń bá wọn jà, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá gbèsè ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹbí ọmọbìnrin náà kì í káwọ́ gbera. Bí àwọn ẹbí ọkọ ti ń wádìí wọn ni àwọn náà ń wádìí ẹbí ọkọ. Alárinà ni ó wà láàárín, tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí ó ń gbé e bọ̀, títí ọmọbìnrin yóò fi ṣíhùn, tí ìtọrọ àti ìdána yóò sì tẹ̀lé e. Ìgbà tí ìyàwó bá mojú ọkọ tán ni alárinà tó yẹ̀ba.

Ohun kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ Kristẹni ṣàkíyèsí. Àwọn baba ńlá náà ní ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Kí wọ́n tó fa ọmọ fún ọkọ, wọn a gbọ́ ohun tí Ifá yóò sọ. Síbẹ̀, wọn kì í tìtorí pé Ifá fọre kí wọ́n dá iṣẹ́ alárinà dúró. Ìgbàgbọ́ wọn nínú Ifá kò kéré, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé iṣẹ́ Ifá wà lọ́tọ̀, iṣẹ́ ojú àti etí sì wà lọ́tọ̀. Bí ẹni tí ó gbára lé ọ̀pẹ̀lẹ̀ bá lè ṣe ìwádìí tó báyìí, kí ni ó dé tí ẹni tí ó gbára lé Bíbélì yóò fi ìran tí wòlíì rí nìkan parí ọ̀rọ̀?

Kò sí àní-àní pé àṣà àtijọ́ ní àléébù tirẹ̀. Nígbà mìíràn, wọn a ti fi ọmọ fún ọkọ láti kékeré láìbèèrè ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àìsàn ẹnì kan ṣoṣo yóò di ẹ̀gàn fún gbogbo ìdílé. Kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dá ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ àṣà náà dára, òun náà sì ni pé kí ènìyàn mọ ohun tí ó ń wọ̀ kí ó tó wọ̀ ọ́.

Ìjọ pàápàá ń bèèrè

Ẹ̀sìn Kristẹni kò wá sí ilẹ̀ Yorùbá láti wá fòfin de ìbéèrè. Nínú ìjọ Áńgílíkà, ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni àlùfáà fi ń kéde orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó, tí ó sì ń ní kí ẹni tí ó bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n so wọ́n pọ̀ wá sọ ọ́. Kí ni èyí bí kò ṣe ìwádìí? Bákan náà ni ti ìjọba. Láti 1884 ni òfin ìgbéyàwó ti wà ní Èkó. Lábẹ́ òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà, wọ́n ní láti lẹ ìkéde síta fún ọjọ́ 21 kí akọ̀wé ìgbéyàwó tó fún ọkọ àti ìyàwó ní ìwé ẹ̀rí.

Bíbélì náà kò dá abéèrè lẹ́bi. Nígbà tí ìránṣẹ́ Ábúráhámù lọ wá ìyàwó fún Ísáàkì, ó gbàdúrà létí kànga, àdúrà rẹ̀ sì gbà. Síbẹ̀, ó bi Rèbékà léèrè ọmọ ẹni tí í ṣe. Nígbà tí ẹbí sì ti gbà tán, wọ́n tún pe ọmọ náà, wọ́n bi í bóyá yóò bá ọkùnrin náà lọ. Màríà, tí òun náà jẹ́ àfẹ́sọ́nà Jósẹ́fù, bi áńgẹ́lì léèrè bí ohun tí ó sọ yóò ti ṣeé ṣe. Áńgẹ́lì kò bá a wí. Ńṣe ni ó ṣàlàyé fún un. Jésù pàápàá sọ̀rọ̀ ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé yóò kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí yóò ná an. Bí ẹni tí ó ń kọ́ ilé ìṣọ́ bá ní láti ṣírò, ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ìdílé ńkọ́?

Ohun tí alárinà òde òní yóò bèèrè

Ọ̀kan nínú àwọn àrùn tí ó yẹ kí ẹbí méjèèjì bèèrè lónìí ni fòníkú-fọ̀ladìde. Ní 1910 ni James Herrick, dókítà kan ní Chicago, kọ̀wé nípa rẹ̀. Ní 1949 ni ìwádìí fi hàn kedere bí ó ti ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Ṣùgbọ́n kí òkè òkun tó fún un lórúkọ ni ilẹ̀ Yorùbá ti ń sunkún nítorí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní àbíkú, tí wọ́n ń sọ ní Málọmọ́, Dúrójayé tàbí Bánjókò, àrùn yìí ni ó ń pa wọ́n.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ọmọ ń jogún ẹ̀jẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba àti láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tí ó jogún A lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ AA. Ẹni tí ó jogún A lọ́dọ̀ ẹnì kan, tí ó sì jogún S lọ́dọ̀ ẹnì kejì, jẹ́ AS. Ara AS le, kò sì lè mọ̀ pé òun ní S bí kò bá ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní jẹ́nótáìpù. Ibà tí ń pa ọmọdé kì í tètè rí AS gbé ṣe, ìdí nìyí tí S fi pọ̀ ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó jẹ́ AS. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọmọ ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Èyí kò túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá ti bí ẹnì kan tí ó ní àrùn náà, àwọn mẹ́ta tí ó kù ti bọ́. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ mẹ́rin yọ, ó sì ṣeé ṣe kí méjì ní in tẹ̀léra. Kì í sì í ṣe S nìkan. Àwọn Yorùbá kan ní AC, bí AC bá sì fẹ́ AS, ọmọ wọn lè jẹ́ SC, àìsàn ni èyí náà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú tín-ín-rín wo ẹni tí ó jẹ́ SS. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ti dàgbà, tí wọ́n kàwé, tí wọ́n ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì bímọ. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ni ó mọ ìrora egungun tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn lóru, àwọn òbí wọn ni ó sì mọ iye ìgbà tí wọ́n ti gbé wọn dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù láti gba ẹ̀jẹ̀. Ọmọ ni yóò jẹ ìrora náà; kì í ṣe ẹni tí ó sọ pé kí wọ́n má bèèrè.

Àwọn kan a máa sọ pé àdúrà yóò yí ẹ̀jẹ̀ padà, wọn a sì mú ìwé àyẹ̀wò méjì tí kò bára mu jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ohun tí ìṣègùn mọ̀ ni pé irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bí mọ́ ènìyàn kì í dédé yí padà. Bí ìwé méjì bá ta kora, ó ṣeé ṣe kí àṣìṣe ti wọ inú ọ̀kan nínú àyẹ̀wò náà. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí ènìyàn ṣe àyẹ̀wò náà ní ibi méjì tí ó ṣeé fọkàn tán. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di aṣọ tí wọ́n ń fi bo ojú.

Ìgbà wo ni kí wọ́n bèèrè?

Ọ̀pọ̀ ìjọ ni ó ń bèèrè ìwé àyẹ̀wò báyìí kí wọ́n tó so ọkọ àti ìyàwó pọ̀, ohun rere sì ni. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó bèèrè. Nígbà tí wọ́n bá ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, tí wọ́n ti gbé Bíbélì àti òrùka sórí ẹrù ìdána, tí wọ́n ti pín ìwé ìpè, ta ni yóò lè sọ pé kí ohun gbogbo dúró? Ìtìjú yóò di òbí lẹ́nu, ìfẹ́ yóò sì di àwọn ọmọ lójú. Àwọn àgbà ti mọ èyí tipẹ́. Ìdí nìyí tí alárinà fi ń ṣáájú ìtọrọ. Ipò alárinà gan-an ni ó yẹ kí wọ́n dá àyẹ̀wò yìí padà sí, kí ẹbí tó mọ ẹbí.

Bí àyẹ̀wò bá wá fi hàn pé AS ni àwọn méjèèjì, àwọn ni ó ni ìpinnu. Àwọn kan yóò pínyà nígbà tí omijé kò tíì pọ̀. Àwọn kan yóò fẹ́ ara wọn síbẹ̀, wọn yóò sì mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n yẹ ọmọ wò láti inú oyún tàbí ní kété tí wọ́n bá bí i, kí ìtọ́jú lè tètè bẹ̀rẹ̀. Kò tọ́ kí pásítọ̀ ka èsì ẹnikẹ́ni sétí ìjọ, kò sì tọ́ kí òbí fi tipátipá so wọ́n tàbí tú wọn. Èyí tí ó burú jù ni kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ di ojú wọn.

Nítorí náà, kí àwọn olùkọ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó dàgbà tó ẹni tí ń ní àfẹ́sọ́nà. Kí àwọn òbí fi í kún ohun tí wọ́n ń bèèrè nípa àna, kí wọ́n sì fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ń jẹ ọmọbìnrin wọn lọ́kàn, ìbáà ṣe ti ẹ̀jẹ̀, ìbáà ṣe ti inú fùfù ọkùnrin. Kí àwọn pásítọ̀ sì sọ ọ́ ní gbangba pé ọmọbìnrin tí ó bèèrè kò ṣẹ Ọlọ́run. Ẹni tí ó kúnlẹ̀ gbàdúrà ní òwúrọ̀, tí ó sì lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọ̀sán, kò ṣe iṣẹ́ méjì tí ó ta kora. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, Ẹlẹ́dàá tí ó dá orí náà ni ó fún un ní ojú.