Ẹ Má Ná Owó Ẹni Tó Wà Lórí Òrùlé

Ọmọ Ìṣẹ́yìn kan wà tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Bó bá so orí wáyà páńẹ́lì sólà méjì tí à ń pè ní MC4 pọ̀ lórí òrùlé, ó máa ń gbé etí sún mọ́ ọn. Ó fẹ́ gbọ́ kí ó dún "kọ́". Bí kò bá dún, yóò tú u, yóò wo ẹnu rẹ̀, yóò tún un so. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọwọ́ méjèèjì fà á bí ẹni ń fa okùn ewúrẹ́. Èmi á wà nísàlẹ̀ lẹ́sẹ̀ àkàbà, oòrùn aago kan ọ̀sán ti mú kí páànù gbóná débi pé ọwọ́ lásán kò ṣeé fi kàn án, mo sì máa ń rò ó lọ́kàn pé ọmọ yìí ń fi àkókò ṣòfò. Ọdún àkọ́kọ́ tó bá mi ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ mi kò tóbi. Ṣọ́ọ̀bù kan ni, ní Ìbàdàn níbí. Ọmọ mẹ́rin ló ń bá mi fi sólà sílé onílé, èmi ni mò ń ra ọjà, èmi ni mò ń bá oníbàárà dúnàá-dúrà. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná jù lọ, sì fò sókè dé ₦225 fún yúnìtì kan lóṣù kẹrin ọdún 2024, iṣẹ́ ti ń wọlé gan-an. Jẹnẹrétọ̀ ti sú ará ìlú. Ọ̀gá sólà ń pọ̀ sí i, oníbàárà ń pọ̀ sí i. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ owó ẹni yẹn gan-an la fi ń ṣeré.

Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ. Mo kọ ìwé owó fún oníbàárà: páńẹ́lì, ínfátà, bátìrì, wáyà, irin tó ń gbé páńẹ́lì dúró. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́kúmánṣíìpù, ìyẹn owó iṣẹ́ ọwọ́, wà. Oníbàárà mọ̀ pé mi ò lè dín iye bátìrì kù, torí dọ́là ló ń bá wa sọ̀rọ̀ láti Alábà wá. Ojú rẹ̀ á wá sọ̀ sí ìlà tó gbẹ̀yìn. "Madam, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe tó tó báyìí? Iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré." Kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ mi, mo gbà. Èrè mi lórí ọjà wà bó ṣe wà. Ti ẹni tó fẹ́ gun òrùlé ló dín. Bí oníbàárà bá tún wá jẹ wá lówó ìparí iṣẹ́, èmi náà á mú owó ọmọ yẹn, màá fi ra ọjà iṣẹ́ mìíràn. Oníbàárà ń ná an bí ẹni ná ata lọ́jà, ọ̀gá ń ná an bí ẹni ń ná owó ara rẹ̀.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Sátidé kan ni ọmọ Ìṣẹ́yìn wá gba owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní, "Ṣe sùúrù, oníbàárà ò tíì sanwó fún mi." Kò jiyàn. Ó ní, "Kò burú, Mọ̀mí." Ó ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́, ó ń wo páńẹ́lì tuntun mẹ́fà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo rí i pé ó ń wò wọ́n, mi ò sì sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ajé, kò wá mọ́.

Mo gba ẹlòmíràn tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Kò ní crimper, irinṣẹ́ tí a fi ń tẹ irin mọ́ wáyà. Púláyà ló fi ń tẹ irin inú MC4 mọ́ orí wáyà, tí èèyàn bá sì wò ó lókèèrè, ó dára. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni oníbàárà kan ní Akóbọ̀ pè mí lọ́sàn-án gangan pé òun ń gbóòórùn ike tó ń jó láti òkè. Sólà kò dà bí iná ìjọba. Bí a bá so páńẹ́lì mẹ́wàá tẹ̀ léra, iná tó wà lẹ́nu wáyà lè kọjá 400 fóltì, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó lè pa oòrùn bí ẹni pa súìtì. Ibi tí irin kò bá ti dì mọ́ irin dáadáa, ibẹ̀ ni yóò máa gbóná. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nídìí bátìrì: ínfátà 5kVA tó ń lo bátìrì 48 fóltì lè fa nǹkan bí 100 áńpìà, nọ́ọ̀tì kan tí a kò dì le ti tó láti yọ́ orí wáyà. Nígbà tí mo gun òrùlé yẹn, MC4 náà ti dúdú, ó ti yọ́ lẹ̀ mọ́ páànù. Kò gùn ju ìka mi lọ. Pákó àjà ló wà lábẹ́ páànù yẹn, ọmọ méjì sì ń sun oorun ọ̀sán nínú yàrá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

A tú gbogbo orí wáyà òrùlé náà, a tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ná mi ju gbèsè tí mo jẹ ọmọ Ìṣẹ́yìn lọ fíìfíì.

Mo wá a lọ. Wọ́n ní ó wà ní Mọ́níyà, ó ń bá ẹnì kan gbé kámẹ́rà sílé onílé. Mo kọ́kọ́ san gbèsè ọrùn mi, mo wá sọ iye tuntun tí màá máa san lójúmọ́. Mo rò pé á ní kí n fi kún un. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Mọ̀mí, ọjọ́ wo lẹ ó máa sanwó?"

Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n rí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Gbèsè tí oníbàárà jẹ, èmi ló jẹ. Èmi ni mo bá a ṣàdéhùn, èmi ni mo fọwọ́ sí i pé kó san díẹ̀díẹ̀, èmi náà ni màá sì jẹ èrè bó bá san án tán. Kí ló wá kan ọmọ tó wà lórí òrùlé níbẹ̀? Ní báyìí, bí àsansílẹ̀ bá ti wọlé, owó àwọn ọmọ ni mo kọ́kọ́ ń yọ sínú àkáǹtì tó dá wà, kí n tó ra páńẹ́lì kan. Iye ọjọ́ ni mò ń san, nítorí ẹni tí à ń san iye iṣẹ́ fún, á sáré. Mo sì fi ọjọ́ àyẹ̀wò kún un: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á padà lọ di gbogbo nọ́ọ̀tì le, wọ́n á gba owó ọjọ́ yẹn náà.

Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ mi kan sọ fún mi pé òfin kò mú wa. Lóòótọ́, òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, tó di ₦70,000 lọ́dún 2024, yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ó sì yọ ẹni tí à ń san iye iṣẹ́ fún. Inú àlàfo yẹn ni gbogbo wa ń gbé. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ kò fojú fo ilé iṣẹ́ kékeré: náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí à ń san fún wọn ló yẹ kó máa lọ sọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, lóṣooṣù. Bí ọmọ bá já láti ilé alájà méjì, ta lẹ fẹ́ kó san owó ilé ìwòsàn? Ìyá rẹ̀ tó ń ta gààrí?

Àwọn mìíràn á ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́." Ọmọ ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù, wọ́n ti gbàdúrà fún un, wọ́n ti ya fọ́tò, síbẹ̀ owó ọkọ̀ ni ọ̀gá ṣì ń fún un. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ pàápàá mọ iye owó tí òun ń sìn lé lórí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá san án, ó dòmìnira. Èló ni gbèsè ọmọ yìí?

Lóṣù tó kọjá, oníbàárà kan ní Olúyọ̀lé ní kí n yọ ₦40,000 kúrò nínú wọ́kúmánṣíìpù. Mo ní kí a yọ páńẹ́lì kan dípò rẹ̀. Ó ní òun kò ní yọ páńẹ́lì, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ọmọ méjì ló ti bá mi lọ wọn òrùlé ilé náà láàárọ̀. Mo san owó ọjọ́ wọn kí a tó dé ṣọ́ọ̀bù.