Ẹ má ki búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà bọ ẹnu

Ní Teshie, ní Accra, wọ́n máa ń gbẹ́ pósí bí ẹja fún apẹja, bíi kòkó fún àgbẹ̀. Seth Kane Kwei wà lára àwọn tó sọ iṣẹ́ náà di gbajúgbajà ní àwọn ọdún 1950. Wọ́n ń ṣe kékeré rẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ pẹ̀lú.

Tí ẹ̀yin náà bá ń gbẹ́ ère kékeré, tí ẹ ń kùn ún nílé, mi ò ní kí ẹ jáwọ́. Ó ń fini lọ́kàn balẹ̀. Àmọ́ òjé wà nínú àwọn ọ̀dà kan, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Eruku igi náà lè fa jẹjẹrẹ imú.

Nítorí náà, ẹ má ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ẹnu kó lè mú ṣóńṣó. Ẹ máa kùn ún níta, ẹ lo ìbòmú, ẹ fi àkísà tútù nu eruku. Ẹ fọwọ́, ẹ pààrọ̀ aṣọ, kí ẹ tó gbé ọmọ.