Òyìnbó ń ṣẹgbẹ́ nítorí òdòdó, ta ló ń gbin àtòrì l'Éjìgbò?

Bí àlejò kan bá wọ Másífà, tó ní kí wọ́n júwe ẹgbẹ́ tó ń gbin fúláwà fún òun, wọ́n á kọ́kọ́ wò ó láti òkè délẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ńkọ́? Ó wà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ńkọ́? Ó wà dáadáa. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú tó ń gbé l'Ábíjàn ńkọ́? Ìyẹn tiẹ̀ kúrò ní kékeré. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ fúláwà? Wọ́n á ní ṣé wọ́n fẹ́ sè é jẹ ni?

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Lókè òkun, àwọn àgbààgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n lọ́mọ, tí wọ́n lọ́mọ-ọmọ, ló ń ṣẹgbẹ́ nítorí igi òdòdó kan ṣoṣo. Rhododendron lorúkọ igi náà. Orúkọ gígùn tó lè ká èèyàn léyín, èdè Gíríìkì ni, bẹ́ẹ̀ ohun tó túmọ̀ sí kò ju igi róòsì lọ. Ẹ̀yà rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún kan, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì wá láti Éṣíà, láti àwọn òkè Nepal títí wọ China, dé erékùṣù New Guinea. Àwọn ará Nepal fi èyí tó pupa fòò nínú wọn ṣe òdòdó orílẹ̀-èdè wọn. Nílẹ̀ Áfíríkà, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ ọmọ bíbí ibí, torí náà kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá a kiri inú igbó Másífà. Ibi tútù ló ń fẹ́, oòrùn Ọ̀ṣun ò ní í jẹ́ kó rójú.

Kì í sì í ṣe pé wọ́n ń jẹ ẹ́ o. Májèlé wà nínú ewé rẹ̀, àgùntàn tó bá jẹ ẹ́ lè kú. Kódà oyin tí kòkòrò bá fi omi òdòdó rẹ̀ ṣe lápá ibì kan ní Turkey a máa gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Ọ̀gágun Gíríìkì kan tó ń jẹ́ Xenophon kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní nǹkan bí ọdún 401 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ọmọ ogun òun jẹ irú oyin bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, ni wọ́n bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, wọn ò lè dìde.

Irú igi báyìí ni wọ́n torí ẹ̀ dá American Rhododendron Society sílẹ̀ ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, lọ́dún 1945, tí ẹgbẹ́ náà sì di ẹlẹ́ka púpọ̀. Wọn a máa pàdé, wọn a máa mu tíì, ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀ka tó fi ń ta gbòǹgbò á dìde, á kọ́ àwọn yòókù. Wọ́n ń pààrọ̀ irúgbìn láàárín ara wọn, wọ́n ń ta igi láti fi rówó sápò ẹgbẹ́. Tí òtútù bá ti lọ, tí igi ń tanná, wọn a pàtẹ òdòdó, adájọ́ á máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi ríbọ́ọ̀nù sí èyí tó rẹwà jù. Àbí ẹ rò pé kò sí ìjà níbẹ̀? Níbi tí ipò kìíní bá ti wà, ẹnu á máa kùn náà ni. Ẹni tó bá sì fi irú méjì pọ̀ tó bí òmíràn tuntun, á sọ ọ́ lórúkọ, á lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Royal Horticultural Society ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí àwọn ni ìwé orúkọ rhododendron gbogbo ayé wà lọ́wọ́ wọn. Ọkọ míì á fi orúkọ ìyàwó ẹ̀ sọ tiẹ̀. Ní Portland yẹn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọgbà kan lọ́dún 1950, Crystal Springs ni wọ́n ń pè é, ilẹ̀ ìjọba ìlú ló wà, àwọn tó fẹ́ràn igi yìí ló sì ń fọwọ́ ara wọn tu koríko ibẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Kò ṣàìní àbùkù tiẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹ̀yà igi yìí, ponticum, tí àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọlé láti bí igba ọdún ó lé sẹ́yìn kí ọgbà wọn lè rẹwà, ló ti sá wọ inú igbó báyìí, ó ṣíji bo gbogbo ilẹ̀, nǹkan míì ò ráyè hù lábẹ́ ẹ̀. Owó gidi ni wọ́n ń ná láti hú u. Ìyẹn ò ṣàjèjì sí àgbẹ̀ Másífà tó ti bá ewé Akíntọ́lá jìjàkadì rí, èyí táwọn míì ń pè ní Awólọ́wọ̀, bóyá ó dá lórí ẹgbẹ́ tí bàbá kálukú ń ṣe láyé ọjọ́sí. Amẹ́ríkà ni koríko yẹn náà ti wá.

Ibi tọ́rọ̀ ti kan Èjìgbò nìyí.

Igi kan wà tí gbogbo àgbègbè yẹn mọ̀, àtòrì ni. Àtòrì náà ń tanná o, òdòdó yẹ́lò ló ní, àmọ́ ta ló ráyè wo òdòdó? Ọ̀pá ẹ̀ làwọn èèyàn mọ̀. Kì í tètè dá, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ á tún padà bọ̀ sípò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló sì ti gbọ́ bó ṣe ń dún lẹ́yìn ara wọn kí wọ́n tó mọ bí ewé ẹ̀ ṣe rí.

L'Éjìgbò, àtòrì kì í ṣe ti olùkọ́ nìkan. Lásìkò ọdún Ògìyán, tó jẹ́ ọdún iṣu tuntun wọn, ìlú á pín sí méjì, Òkè Màpó lọ́tọ̀, Ìsàlẹ̀ Òsòlò lọ́tọ̀, wọ́n á sì fi àtòrì pàdé ara wọn. Pierre Verger, ọmọ Faransé tó di babaláwo, kọ ìtàn ẹ̀ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1981. Ó ní babaláwo kan jẹ́ ọ̀rẹ́ Eléjìgbò láti ìgbà tí ìlú ò tíì dà bí ìlú. Ó rìnrìn àjò, nígbà tó máa fi padà dé, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti di ọba ńlá. Òun ò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, ló bá ń béèrè ọba lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ pẹ̀lú orúkọ àwàdà tí wọ́n ń fi pè é nítorí iyán tó fẹ́ràn. Háà! Wọ́n nà án, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Ọdún méje ni nǹkan fi dàrú, òjò ò rọ̀, obìnrin ò bímọ. Ìgbà tí wọ́n dífá ni àṣírí tú pé ọ̀rẹ́ ọba ló wà látìmọ́lé láìṣẹ̀. Ọba bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, kí àwọn ará Òkè Màpó àti Ìsàlẹ̀ Òsòlò máa na ara wọn lẹ́gba. Kí olúkúlùkù lè mọ bó ṣe ń dùn ún ni, àbí?

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé òrìṣà yìí dání. Ní Bahia, Oxaguiã ni wọ́n ń pè é, ọdún odó rẹ̀ ò sì pa rẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á gbé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lé àwọn èèyàn lọ́wọ́, wọ́n á rọra fi kan ara wọn lẹ́yìn. Àtòrì ni wọ́n ṣì ń pe ọ̀pá náà títí dòní, lẹ́yìn gbogbo omi tí wọ́n là kọjá. Orúkọ ewé ò sọnù fún wọn.

Nílé wá ńkọ́? Àtòrì kì í ṣe ohun tí àgbẹ̀ ń kọbè fún. Inú igbó ló ń hù sí fúnra ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló ń lọ gé e. Tí igbó tó sún mọ́ ìlú bá di ilé, kó di ilé epo, kó di oko ẹ̀gẹ́, ibo ni wọ́n ti fẹ́ gé e? Igi tí odindi ìlú ń gbára lé lọ́dọọdún, kò sí ìdílé kan tó lè nàka sí i pé àwọn làwọn gbìn ín.

Pèrègún tiẹ̀ yàtọ̀, torí pé gbígbìn ni wọ́n ń gbin ìyẹn. Ìdí òrìṣà, ẹ̀yìnkùlé, àárín oko sí oko. Kí ìwé sàfè tó dé, pèrègún ni ẹlẹ́rìí: ibi tó dúró sí ni ilẹ̀ tèmi parí, òdìkejì ni tìẹ bẹ̀rẹ̀. Igi tí kì í kú bọ̀rọ̀ ni, kì í sì í tóbi gba ilẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Òótọ́ ni pé olè ilẹ̀ lè jí lóru kó sún un, àmọ́ pèrègún tó ti pẹ́ níbì kan, àgbà gbogbo ló ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá ka sọ pé ọmọ Másífà kan wà l'Ábíjàn tó fowó ránṣẹ́ sí àbúrò ẹ̀ pé kó bẹ̀rẹ̀ ilé sórí ilẹ̀ bàbá wọn. Lálẹ́, àbúrò á pè é lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, katapílà ti wọlé lónìí o, ilẹ̀ ti mọ́ tónítóní.”

“Ẹ ṣé. Pèrègún tí bàbá gbìn sápá ọ̀dọ̀ àwọn ará ẹ̀yìn yẹn ńkọ́?”

“Pèrègún wo, ẹ̀gbọ́n mi?”

Ó tán. Kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ará ẹ̀yìn ti dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀, wọ́n ní fáúndéṣọ̀n ti wọ ilẹ̀ àwọn. Àwọn àgbà tó lè jẹ́rìí ti lọ, igi tó lè jẹ́rìí ti wà lábẹ́ búlọ́ọ̀kù. Lọ́yà á jẹ nínú ẹ̀, sàfèyọ̀ á jẹ nínú ẹ̀, àwọn ẹbí méjì tí wọ́n ti jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu ò ní í kíra wọn mọ́. Igi kan tí èèyàn lè ṣẹ́ ní ẹ̀ka, kó gún un mọ́lẹ̀ lásìkò òjò, kó sì yè, òun ló fà á.

Akòko náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tí wọn ò bá fi ewé akòko lé lórí, ta ló máa pè é ní olóyè? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìwúyè, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rán ọmọ kiri pé kó lọ wá ewé wá.

Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ò fẹ́ràn ohun tó rẹwà. Ilé tuntun ò lè parí láìsí igi gíga yẹn tí wọ́n ń pè ní masquerade, láìsí Ixora lẹ́nu géètì. Wọ́n ń rà wọ́n nínú ọ̀rá lẹ́bàá títì. Éṣíà ni àwọn méjèèjì ti wá, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, èyí tó dára ni kó wá. Ohun tó burú ni kí wọ́n da ìńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo àgbàlá láti ògiri dé ògiri, kí ooru máa jáde lára ẹ̀ lọ́sàn-án, kí àgbàrá máa ṣàn wọ ilé aládùúgbò lóru, kí pèrègún kan má sì ríbi fẹsẹ̀ lé.

Ẹgbẹ́ kọ́ ló ṣòro. Kí òyìnbó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, àwọn bàbá wa ti ń ṣe àáró: lónìí gbogbo wọn á dà sóko lágbájá, lọ́la ó di oko tàmẹ̀dù, títí á fi yí po. Ẹni tó bá sì ní iṣẹ́ ńlá á bẹ ọ̀wẹ̀, á sè, á gbé ẹmu kalẹ̀. Kí ló dé tí àáró ò lè wà fún ewé? Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ àgbẹ̀ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Èjìgbò náà ló wà, ẹ̀yìn ilé àwọn ará Másífà. Bí mẹ́wàá péré nínú àwọn ọ̀dọ́ bá lè fi Sátidé kan lóṣù yí ilé ara wọn ká, kí wọ́n gbin pèrègún sí ààlà, akòko sí ojúde, kí wọ́n tọ́jú ibi kan fún àtòrì, kí wọ́n sì mú àgbà kan dání tó máa sọ orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan fún wọn, kọ́bọ̀ ìjọba ò sí níbẹ̀. Verger tí a dárúkọ yẹn tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ewé Yorùbá lọ́dún 1995, Ewé lorúkọ tó sọ ọ́. Èdè Potogí ló fi kọ ọ́, Brazil ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé ní Másífà lónìí lè má mọ ìdajì ohun tó wà nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti hù.

Àkọ́rọ̀ òjò ló dáa jù láti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n gé pèrègún tó gùn tó apá, èyí tó ti gbó díẹ̀, kí wọ́n gún un wọlẹ̀ jìn dáadáa, kí wọ́n sì pe àwọn aládùúgbò tó wà lódìkejì kí wọ́n wá dúró síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín.