Ọwọ́ Tí Ó Di Ọkọ́ Mú Kọ́ Ni Ó Ni Ohun Inú Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó oṣù tí àwọn kan kò tíì san, kì í sì í ṣe ti àwọn tí ó ń dé ìpàdé nígbà tí a bá ń ṣe àdúrà ìparí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. A mọ̀ pé yóò dun àwọn kan, ṣùgbọ́n bí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá ń wo ojú ènìyàn kí ó tó sọ òtítọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́.

Gbogbo yín ni ẹ ti gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà àtijọ́ kan ní àdúgbò wa yìí. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ra ilẹ̀ náà, ó sì pe àwọn lébìrà kí wọ́n wá gbẹ́ ṣáláńgá síbi tí àwọn onílé àtijọ́ ti ń gbin ilá àti ata. Ihò kò tíì mu wọ́n dé ìbàdí tí dígà fi kan ohun kan, tí ó sì dún. Ìkòkò amọ̀ mẹ́ta ni wọ́n bá, tí a da ojú wọn dé, pẹ̀lú ìkòkò tábà kan àti ẹ̀gbà ẹsẹ̀ méjì tí a fi idẹ ṣe. Àwọn lébìrà fọ́ ìkòkò méjì nítorí wọ́n rò pé owó wà nínú wọn. Erùpẹ̀ àti èédú ni wọ́n bá. Ẹnì kan tí ó ń kọjá ní òrìṣà kèfèrí ni ìkẹta, ó sì fi òkúta fọ́ ọ. Ọmọdé kan mú ìkòkò tábà lọ ṣeré. Babanbólà kan tí ó ń ti ọmọlanke rẹ̀ lọ gbé ẹ̀gbà idẹ méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, ó san owó tí kò tó ra búrẹ́dì méjì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ohun tí ilẹ̀ ti fi ìṣọ́ra pa mọ́ ti parí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé, ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn kan ni ó jẹ́ kí a mú gègé. Ẹni kìn-ín-ní ní, "Ó san owó ilẹ̀ rẹ̀, ohun tí ó bá nínú rẹ̀, tirẹ̀ ni." Ẹni kejì ní, "Òrìṣà ni, ó yẹ kí a fọ́ ọ." Ẹni kẹta ní, "Ohun àwọn Gwárì ni, kí ni ó kan ọmọ Yorùbá nínú rẹ̀?" Ẹni kẹrin ní, "Bí a bá jẹ́ kí ìjọba gbọ́, wọn yóò gba ilẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́." Àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Àwa kò pàtẹ́wọ́, a sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní 1938, ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, àwọn ènìyàn ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Wọn kò wá ìṣúra, ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́. Ohun tí ọkọ́ wọn kàn ni àwọn orí ènìyàn tí a fi idẹ àti bàbà dà, tí ojú, imú àti ètè wọn gún régé bí ẹni pé wọn yóò sọ̀rọ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì ti dé Ifẹ̀, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn tí òkun gbé mì, ni ó fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, nítorí kò gbà pé aláwọ̀ dúdú lè ṣe é. Ta ni ó pa á lẹ́nu mọ́? Ilẹ̀ Ifẹ̀ ni. Ohun tí a wú ní Wúnmọníjẹ̀ àti ohun tí àwọn lébìrà tún bá ní Ìta Yemòó ní 1957 ni ẹ̀rí tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń sọ lónìí pé ọmọ Ifẹ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì ìtàn náà. Kí ọ̀rọ̀ tó balẹ̀, àwọn kan ti ta, àwọn kan sì ti rà. Ọ̀kan nínú àwọn orí náà wọ British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, ibẹ̀ ni ó wà títí di òní. Méjì bá William Bascom lọ sí Amẹ́ríkà, ó di 1950 kí wọ́n tó padà sílé. Àwa ọmọ Yorùbá tí a ń bínú sí Òyìnbó lórí orí Ifẹ̀ yìí, ẹnu wo ni a fi ń sọ pé ohun tí a bá nínú ilẹ̀ ẹlòmíràn, kí a tà á fún babanbólà?

Ẹ má sì rò pé Ifẹ̀ nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní 1938, ní Igbo-Ukwu ní ilẹ̀ Ìbò, Isaiah Anozie ń gbẹ́ kòtò tí omi òjò yóò máa dúró sí nínú àgbàlá rẹ̀, ni ó bá kan ohun èlò idẹ tí a fín lára dáradára. Àwọn aládùúgbò wá, wọ́n mú lára rẹ̀ lọ fi ṣe oògùn. Nígbà tí Thurstan Shaw dé láti wú ilẹ̀ náà ní 1959 sí 1960, tí ó sì tún padà ní 1964, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 165,000, ó sì yé gbogbo ayé pé láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni àwọn ènìyàn náà ti ń da idẹ.

Ní ìhà Òkè Ọya wa níbí ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ rí ní ibi kùsà tánganran ní apá Jos, ẹ mọ orúkọ Nok. Ní 1928 ni wọ́n kọ́kọ́ bá ère amọ̀ sísun níbẹ̀ nínú ibi kùsà. Ní 1943, wọ́n tún bá orí ènìyàn kan ní agbègbè Jẹ́máà. Akọ̀wé ibi kùsà kan gbé e lọ sílé, ó sì fi í ṣe orí aṣọ́komásùn nínú oko iṣu rẹ̀, kí ó máa lé ẹyẹ. Ọdún kan gbáko ni orí náà fi ń ṣọ́ iṣu, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tó rí i, tí ó sì gbé e lọ fún Bernard Fagg. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó lé ní ẹgbàá ọdún, ni ó ń lé ẹyẹ! Ẹ má fi akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín jù. Òun kò fọ́ ọ, kò sì tà á. Ó sàn ju àwa Kpakungu lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dá àwọn tí wọ́n sọ̀rọ̀ ní ìpàdé lóhùn ní ẹyọ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ó ní òun ti san owó ilẹ̀: ilẹ̀ ni o san owó rẹ̀, o kò san owó ohun tí òkú ọgọ́rùn-ún ọdún fi sínú rẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 pàápàá sọ pé ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ẹ̀tọ́ láti gbé orí rẹ̀ ni a ní. Ní ti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, òfin rẹ̀ ti wà láti 1953. Láti 1974 ni ìjọba ti kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni máa rà á tàbí kí ó máa tà á, bí kò ṣe fún aláṣẹ tàbí aṣojú rẹ̀. Òfin 77 ti 1979, tí ó dá àjọ tí ó ń bójú tó àwọn musíọ̀mù sílẹ̀, ní kí ẹni tí ó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́ láàárín ọjọ́ méje. Nítorí náà, ẹni tí ó ta ẹ̀gbà yẹn kò jẹ èrè, ó rú òfin.

Ẹni tí ó ní òrìṣà ni: ta ni ó sọ fún ọ? Ìkòkò ni o rí. Ìkòkò omi lè jẹ́ ìkòkò omi. Bí ó bá sì jẹ́ ohun ìsìn àwọn kan, ìsìn wọn ni, kì í ṣe tìrẹ. Kò sí ìwé Mímọ́, kò sì sí Kùráánì tí ó ní kí àlejò wọ ọgbà ẹni tí ó gbà á sílé, kí ó sì máa fọ́ ìkòkò. Ẹ wo àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò jìnnà sí. Ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ni ó wà nínú igbó wọn. Wọn kò fọ́ wọn, wọn kò tà wọ́n, wọ́n ń ṣe ọdún wọn. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ tàn kálẹ̀ ní 1933, àwọn ọ̀mọ̀wé wá, ní 1945 sì ni wọ́n kọ́ musíọ̀mù síbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Kristẹni àti Mùsùlùmí wà ní Ẹ̀sìẹ́, ìgbàgbọ́ wọn kò sì bàjẹ́ nítorí rẹ̀.

Ẹni tí ó ní ohun Gwárì ni, kò kàn wá: ọ̀rọ̀ yìí ni ó bí wa nínú jù. Orí ilẹ̀ ta ni o kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí? Kí ojú irin Bárò sí Kánò tó parí ní 1911, kí àwọn baba wa tó fi ọkọ̀ ojú irin dé Minna, àwọn Gbágyí ti ń dáko níbí. Iṣẹ́ ìkòkò mímọ sì jẹ́ iṣẹ́ tí ayé mọ àwọn obìnrin wọn mọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn owó náírà ogún tí ẹ ń kà lójoojúmọ́: obìnrin tí ó ń mọ ìkòkò níbẹ̀, Ladi Kwali ni, ọmọ Gbágyí. Ní 1954 ni ó wọ ilé ìkòkò tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tí a ń pè ní Suleja lónìí, ní ìpínlẹ̀ Niger wa yìí, ìkòkò rẹ̀ sì dé Lọ́ńdọ̀nù. A ń ná owó tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀, a sì ń fi òkúta fọ́ ìkòkò tí ó ṣeé ṣe kí ìyá ìyá irú rẹ̀ mọ. Ǹjẹ́ èyí bójú mu? Bí Gbágyí kan bá lọ wú ilẹ̀ ní Ifẹ̀, tí ó sì ta ohun tí ó bá níbẹ̀ ní kílò-kílò, ẹ̀yin ni ẹ óò kọ́kọ́ pariwo.

Ẹni tí ó ń bẹ̀rù pé ìjọba yóò gba ilẹ̀: àwọn ibi mẹ́ta tí Shaw wú ní Igbo-Ukwu, orúkọ àwọn onílé ni ó fi pè wọ́n: Igbo Isaiah, Igbo Richard, Igbo Jonah. Orúkọ ìdílé náà ni ó wọ inú ìwé gbogbo ayé. Orúkọ wo ni ó kù fún àwa lẹ́yìn babanbólà?

Àwọn kan yóò ní àwọn òṣìṣẹ́ musíọ̀mù pàápàá ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. A kò jiyàn. Olè wọ musíọ̀mù Jos ní 1987, ó sì wọ ti Ifẹ̀ ní 1994. Ìjọba Faransé pàápàá ra ère Nok tí wọ́n jí gbé, ó di 2002 kí wọ́n tó gbà pé Nàìjíríà ni ó ni wọ́n, síbẹ̀ Párísì ni wọ́n fi wọ́n sí bí ohun àyálò. Ṣùgbọ́n kí ni a fi ń bá olè ṣe ẹjọ́? Àkọsílẹ̀ ni. Ohun tí a ti kọ sílẹ̀, tí a ti ya fọ́tò rẹ̀, bí wọ́n jí i, a lè tọpa rẹ̀. Ohun tí babanbólà gbé lọ kò ní orúkọ, kò ní ọjọ́ ìbí, kò sí adájọ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ohun tí a bá nínú ilẹ̀ kì í dá sọ̀rọ̀. Ibi tí a ti bá a ni ó ń bá a sọ ọ́. Bí ó ṣe jìn tó, ohun tí ó wà lókè rẹ̀, ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń mọ ìtàn rẹ̀. Èédú tí àwọn lébìrà dà nù lọ́jọ́ náà, òun gan-an ni wọn ìbá fi ka iye ọdún ìkòkò wọ̀nyẹn. A fọ́ ìwé, a tún da ẹni tí ó lè kà á nù.

Nítorí náà, ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìpàdé tí ń bọ̀ kò pọ̀. Ìkíní, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá ń gbẹ́ kànga, ṣáláńgá, ìpìlẹ̀ tàbí ọgbà, tí ó sì bá ohun àjèjì, dá dígà dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ó má fọ̀ ọ́, kí ó má fọ́ ọ, kí ó má gbé e kúrò. Bí ó bá jẹ́ eegun ènìyàn, kí ó bò ó, kí ó má sì jẹ́ kí ọmọdé súnmọ́ ibẹ̀. Ìkejì, kí ó sọ fún máì-àńgúwà àti ẹni tí ó ta ilẹ̀ fún un, nítorí ó lè jẹ́ pé ìdílé wọn ni ó ni ín, kí ọ̀rọ̀ náà sì dé ìjọba ìbílẹ̀ kí ọjọ́ méje tó pé. Ìkẹta, kí ẹgbẹ́ ra ìwé kan, tí akọ̀wé yóò máa kọ ohun tí a rí, ibi tí a ti rí i àti ọjọ́ rẹ̀ sí, kí owó ọkọ̀ ẹni tí yóò lọ fi tó ìjọba létí sì jáde láti inú àpò ẹgbẹ́. Ìkẹrin, ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá tà á lẹ́yìn ìkìlọ̀ yìí, kí ẹgbẹ́ má ṣe dúró fún un bí ọlọ́pàá bá pè é.

A ti ń gbé pẹ̀lú àwọn onílẹ̀ yìí láti ìgbà àwọn baba wa. Ọmọ wa ń fẹ́ ọmọ wọn, wọ́n ń rajà lọ́wọ́ wa, a ń jẹ iṣu wọn. Ilẹ̀ ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí ni ó gbà wá, òun náà ni yóò sì gba òkú wa. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ ẹlòmíràn yóò fi dígà kan ohun tí àwa náà fi sílẹ̀ ní Kpakungu. Bí a bá ṣe tọ́jú ti àwọn tí ó ṣáájú wa ni kí a máa retí pé kí wọ́n ṣe tọ́jú tiwa.

Ìpàdé tí ń bọ̀ ni kí a ti dìbò lórí rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá ní èsì wá pẹ̀lú èsì rẹ̀, kí ó má fi sí ẹnu ọ̀nà.

Àwa ni ti yín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
Akọ̀wé, Ẹ̀ka Kpakungu